Orí bàbá mi pá, ti bàbá ìyá mi kò pá: ọ̀dọ̀ ta ni tèmi ti wá?

ỌmọMushin

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọmọ ọdún 27 ni mí. Igun iwájú orí mi méjèèjì ti ń ṣí lọ sẹ́yìn, òkè àtàrí náà sì ti ń fúyẹ́. Onígbàjámọ̀ mi kì í tiẹ̀ bi mí mọ́ kó tó fá gbogbo rẹ̀ kanlẹ̀.

Ohun tó ń rú mi lójú nìyí. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé ọ̀dọ̀ bàbá ìyá ẹni ni orí pípá ti ń wá. Bàbá tó bí ìyá mi lé ní 80 ọdún kí wọ́n tó papò dà, irun funfun kún orí wọn bámúbámú. Àwọn àbúrò ìyá mi lọ́kùnrin, kò sí ẹyọ kan tí orí rẹ̀ pá. Bàbá tó bí mi gan-an ni orí wọn ń dán. Ṣé irọ́ ni wọ́n ń pa fún wa ni, àbí èmi nìkan ni ọ̀rọ̀ mi yàtọ̀?

Mi ò wá oògùn o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ nọ́ńbà sílẹ̀ fún mi. Mo fẹ́ mọ ohun tó fà á ni.

AlágboGidi

Àbúrò, má da ara rẹ láàmú. Ẹ̀jẹ̀ ni kò dé òkè orí rẹ dáadáa. Fìlà tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ ń dé láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ooru rẹ̀ ló ń pa gbòǹgbò irun. Omi alùbọ́sà, àdín àti òrí, kí o pò wọ́n pọ̀, kí o máa fi ra orí lálẹ́. Èyí tí mo ti pò wà nílẹ̀. Kọ sí mi ní ìkọ̀kọ̀.

Onígerí_Òṣogbo

Ọ̀gbẹ́ni yìí ní òun kò wá oògùn, ẹ sì ti pàtẹ. Ó dáa náà.

Ẹ̀gbọ́nLáàbù

Mo kí gbogbo ilé. Inú láàbù tí wọ́n ti ń wo jíìnì, ìyẹn àṣẹ àjogúnbá tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ara wa, ni mo ti ń jẹun nílùú ọba níbí, nítorí náà ẹ jẹ́ n dá sí i.

AlágboGidi, ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ yẹn ti kú tipẹ́. Dókítà awọ kan wà ní New York, Norman Orentreich lorúkọ rẹ̀. Ó gé awọ tó nírun ní ẹ̀yìn orí àwọn ọkùnrin tí orí wọn ti pá, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú orí wọn níbi tó ti pá. Ọdún 1959 ló tẹ iṣẹ́ náà jáde. Irun náà hù, kò sì bọ́. Ibi tí ẹ ní ẹ̀jẹ̀ kò dé yẹn náà ló hù sí o! Ìwà tí irun ẹ̀yìn orí ní tẹ́lẹ̀ ló gbé dání lọ síwájú. Orí iṣẹ́ yẹn ni gbogbo irun tí àwọn èèyàn ń lọ lọ́ ní Tọ́kì lónìí dúró lé.

Nítorí náà, inú gbòǹgbò irun kọ̀ọ̀kan ni ẹjọ́ wà. Afurasí àkọ́kọ́ ni họ́mónù ọkùnrin. Lọ́dún 1942, James Hamilton, onímọ̀ ẹ̀yà ara ní Amẹ́ríkà, kọ nípa àwọn ọkùnrin tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá kí wọ́n tó bàlágà, àti àwọn tí kórópọ̀n wọn kò ṣiṣẹ́. Orí wọn kì í pá. Ó wá fún àwọn kan nínú wọn ní testosterone, họ́mónù ọkùnrin náà. Àwọn tí orí pípá wà nínú ìdílé wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pá. Nígbà tí wọ́n dá oògùn náà dúró, pípá náà dúró síbi tó dé, àmọ́ irun tó ti lọ kò padà.

Ẹ fi ọkàn sí ìyẹn dáadáa. Họ́mónù wà, ìdílé wà. Ọ̀kan nínú wọn kò lè dá a ṣe.

BàbáÀgbà_Ìjẹ̀bú

Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ kú làálàá. Nígbà tiwa, bí orí bá pá, a ó ní owó ló ń bọ̀ wá bá onítọ̀hún ni. Mi ò tíì rí owó náà o, bóyá ó ṣì ń bọ̀ lọ́nà.

Ẹ̀gbọ́n oníláàbù, ṣé ìyẹn ni pé orí àwọn ìwẹ̀fà tó wà láàfin Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́ kò lè pá?

Ẹ̀gbọ́nLáàbù

Ẹ̀rín pa mí, Bàbá. Àwọn tí wọ́n bá tẹ̀ lọ́dàá ní kékeré nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí. Àwọn Gíríìkì pàápàá ti kíyè sí i láti ìgbà Hippocrates, ó sì ti lé ní 2,000 ọdún, pé orí ìwẹ̀fà kì í pá. Ẹ má sì pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́, ẹ̀yin lẹ bí mi.

Onígerí_Òṣogbo

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n béèrè ohun kan tí mo ń rí lórí àga mi lójoojúmọ́. Oníbàárà á jókòó, àárín orí rẹ̀ á ti tán pátápátá, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ etí àti ìpàkọ́ á ki débi pé klípà á máa há. Irùngbọ̀n rẹ̀ ńkọ́? Á kún dé àyà. Tó bá jẹ́ họ́mónù kan náà ló ń rìn nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí ló dé tó fi ń lé ti orí lọ, tó sì ń bọ́ ti àgbọ̀n?

Èkejì: kì í ṣe pé irun náà ń já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí mo bá fi òòyà gbé e sókè lójú iná, mà á rí èyí tó nípọn, mà á rí òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó tín-ín-rín, ẹ̀kẹta á kúrú, kò ní ní dúdú kankan mọ́. Gbogbo wọn á jọ wà ní ojú kan náà.

Ẹ̀gbọ́nLáàbù

Onígerí, àwọn dókítà tó ń fi ẹ̀rọ amúǹkan-tóbi wo orí, ohun tẹ́ ẹ rí yẹn gan-an ni wọ́n ń wá. Irun tó nípọn àti èyí tó tín-ín-rín lójú kan náà ni àmì tó dájú jù lọ pé irú pípá yìí ni.

Ìbéèrè yín àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ fara balẹ̀ dáhùn. Òjò kan náà ló ń rọ̀ sí ewúro tó ń rọ̀ sí ìrèké. Testosterone tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ á wọ inú sẹ́ẹ̀lì lọ. Níbẹ̀, ẹ́ńsáìmù kan wà tó ń jẹ́ 5-alpha reductase. Òun ló ń sọ testosterone di nǹkan mìíràn tó le jù ú lọ, tí wọ́n ń pè ní DHT. DHT á so mọ́ purotéènì kan tó dúró dè é nínú sẹ́ẹ̀lì, orúkọ purotéènì náà ń jẹ́ AR. Ó ń dì í mú ju bí testosterone ṣe ń dì í mú lọ. Àwọn méjèèjì á jọ wọ ibi tí àwọn jíìnì wà, wọ́n á máa tan àwọn kan, wọ́n á máa pa àwọn kan.

Ibí yìí ni ọ̀nà ti pín. Ní ìdí irun kọ̀ọ̀kan, ìdìpọ̀ sẹ́ẹ̀lì kékeré kan wà tó ń pàṣẹ fún irun pé hù, tàbí pé ó tó. Lágbọ̀n, bí DHT bá dé, ìdìpọ̀ yẹn á tú IGF-1 jáde, ohun tó ń mú irun dàgbà nìyẹn. Ní òkè àtàrí ẹni tó jogún rẹ̀, DHT kan náà á mú kí ìdìpọ̀ náà tú TGF-beta 1 àti DKK1 jáde. Èyí àkọ́kọ́ ń sọ fún irun pé kó dáwọ́ dúró. DKK1 ń dí ọ̀nà mọ́ Wnt, iṣẹ́ tí Wnt ń jẹ́ ló sì ń jí gbòǹgbò irun pé kó tún bẹ̀rẹ̀. Ní ìpàkọ́, AR àti ẹ́ńsáìmù yẹn kò pọ̀ tó ti iwájú, ìdí nìyẹn tí klípà yín fi ń há níbẹ̀.

Ti tín-ín-rín: irun orí máa ń dàgbà fún nǹkan bí ọdún 2 sí 6, á sinmi bí oṣù 3, á bọ́, òmíràn á hù. Lára ẹni tí orí rẹ̀ ń pá, àkókò ìdàgbà yẹn ń kúrú sí i ní gbogbo ìgbà tó bá tún yípo, ìdìpọ̀ tó ń pàṣẹ náà ń kéré sí i. Irun tó ń hù yóò wá máa kúrú, yóò máa fẹ́lẹ́, títí tí kò fi ní jọ irun mọ́.

ỌmọMushin

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an. Àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé agbára ọkùnrin ló pọ̀ jù lára mi tó fi ń jẹ irun. Ṣé òótọ́ ni?

Ẹ̀gbọ́nLáàbù

Rárá o. Bí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ rẹ àti ti ọ̀rẹ́ rẹ tí irun rẹ̀ kún, testosterone yín lè má yàtọ̀ rárá. Bí gbòǹgbò irun rẹ ṣe ń gbọ́ ohùn họ́mónù náà ló yàtọ̀.

Ó yá, ìbéèrè rẹ tó dá gbogbo èyí sílẹ̀. Orí krómósómù, okùn tíntìntín inú sẹ́ẹ̀lì, ni àwọn jíìnì wà. Nínú krómósómù méjì tí wọ́n ń pè ní X àti Y, ọmọkùnrin ń gba Y lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó ń gba X lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Jíìnì tó ń ṣe purotéènì AR yẹn, orí X ló wà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ bàbá ìyá ti wá, kì í sì ṣe irọ́ pátápátá. Ní Ọsirélíà lọ́dún 2001, wọ́n yẹ irú jíìnì AR kan wò lára àwọn ọkùnrin. Ó wà lára 98% àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí orí wọn ti pá. Ẹ máa gbọ́ ná: ó tún wà lára 77% àwọn tí orí wọn kò pá. Ìyẹn ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ dandan kí èèyàn ní in kó tó lè tètè pá, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ló ní in tí irun wọn wà níbẹ̀.

Wo ti ìyá rẹ wàyí. X méjì ni wọ́n ní, ọ̀kan látọ̀dọ̀ bàbá wọn, ọ̀kan látọ̀dọ̀ ìyá wọn. Kí wọ́n tó fún ọ ní ẹyọ kan, X méjèèjì lè gé apá kan fún ara wọn. Ojú ibi tí AR wà lórí tìrẹ lè jẹ́ ti ìyá tó bí ìyá rẹ. Ìyẹn ni pé o ń wo orí bàbá ìyá rẹ, ó sì lè jẹ́ pé bàbá tó bí ìyá-ìyá rẹ ló yẹ kó o máa wò. Ta ló mọ orí bàbá yẹn? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n nínú ìdílé yín ti kú.

ỌmọMushin

Ah! Ìyá mi àgbà máa ń sọ pé bàbá àwọn kì í bọ́ fìlà. A rò pé afínjú ni wọ́n ni.

AlágboGidi

Hahaha! Fìlà náà ni mo ní ó fà á!

Ẹ̀gbọ́nLáàbù

AlágboGidi, ẹ ò ní pa mí 😂

Ìyẹn wà lọ́tọ̀. Ti bàbá tó bí ọ náà wà níbẹ̀. Lọ́dún 2008, ikọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ rí ibì kan lórí krómósómù 20 tó ní ọwọ́ nínú orí pípá, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn Nature Genetics. Krómósómù 20 kì í ṣe ti ìyá nìkan, ọwọ́ òbí méjèèjì là ń gbà á. Nígbà tó di 2017, wọ́n wo jíìnì àwọn ọkùnrin tó lé ní 52,000 nínú UK Biobank, ibi tí wọ́n kó àkọsílẹ̀ ìlera àti jíìnì àwọn ará ìlú ọba jọ sí, ibi tí wọ́n rí tó ní ọwọ́ nínú rẹ̀ lé ní 250. Nǹkan bí 40 péré ló wà lórí X. Ìyókù fọ́n káàkiri, wọ́n sì lè wá látọ̀dọ̀ bàbá tàbí ìyá.

AR ló lágbára jù nínú wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn yòókù kàn ń fi díẹ̀ díẹ̀ kún un ni. Nítorí náà ọmọ ìyá kan náà, bàbá kan náà, ọ̀kan lè pá ní 25, kí èkejì dé 60 pẹ̀lú irun rẹ̀. Àwọn tó ṣe ìwádìí lára ìbejì sọ pé nǹkan bí 80% ohun tó ń mú kí orí ọkùnrin kan pá ju ti òmíràn lọ ló jẹ́ àjogúnbá. Nínú ìran bàbá rẹ àti ti ìyá rẹ ni o ti kó tìrẹ jọ. Má fi í sùn bàbá ìyá rẹ mọ́ o.

Ìyá_Ìbejì_Àkúrẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ fún wa láyè díẹ̀. Adirun ni mí. Àwọn oníbàárà mi obìnrin náà ń pá. Àwọn kan, etí iwájú ló ń lọ, ìyẹn yé mi, àtáṣímẹ́ǹtì tó wúwo àti dídì tó le koko ló ń fà á. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà, àárín òkè orí ló ti ń bẹ̀rẹ̀, á máa yún wọn, á máa dùn wọ́n bí mo bá fọwọ́ kàn án, ibẹ̀ á wá máa fẹ̀ jáde bìrìkìtì. Bí mo bá sún mọ́ ọn, awọ ibẹ̀ á dán, mi ò ní rí ojú ihò irun kankan. Ọ̀kan nínú wọn, ìyá rẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Ṣé DHT yìí náà ni?

Ẹ̀gbọ́nLáàbù

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ béèrè. Rárá, ohun mìíràn ni, ó sì ń bani nínú jẹ́ pé wọ́n máa ń dà á pọ̀ mọ́ èyí tá à ń sọ. Ti obìnrin tó jọ tiwa yìí, ojú ìyà irun láàárín orí ló máa ń fẹ̀ sí i, etí iwájú á ṣì wà níbẹ̀, kì í yún, kì í dunni, ojú ihò irun á ṣì hàn.

Èyí tẹ́ ẹ sọ yẹn, CCCA ni àwọn dókítà awọ ń pè é, àwa obìnrin àti ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ló sì wọ́pọ̀ lára wa, pàápàá obìnrin. Àpá ló ń di ojú ihò irun pa. Ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n fi ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru irun dídì àti rílásà nìkan. Lọ́dún 2019, nínú New England Journal of Medicine, wọ́n fi hàn pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn obìnrin tó ní CCCA tí wọ́n yẹ̀ wò, tí wọ́n jẹ́ ìran Áfíríkà, ló ní àyípadà nínú jíìnì kan tó ń jẹ́ PADI3. Iṣẹ́ jíìnì yìí ni láti mú kí ara irun le, kó sì dúró dáadáa bó ṣe ń hù. Bí kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, irun tí ẹlòmíì lè dì kó má ṣe é ní nǹkan kan lè ba tirẹ̀ jẹ́.

Nítorí náà oníbàárà yín tí ìyá rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, ẹ má dì í le mọ́, ẹ sì sọ fún un kó lọ rí dókítà awọ kíá, ní ilé ìwòsàn ńlá. Wọ́n lè gé awọ bíńtín níbẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ojú ihò tó bá ti di àpá kò ní hu irun mọ́, àmọ́ wọ́n lè dá a dúró kó má fẹ̀ sí i.

Ìyá_Ìbejì_Àkúrẹ́

Mo gbọ́. Mà á pè é lónìí. Àwọn kan á sì ní mò ń lé oníbàárà lọ o.

ỌmọMushin

Ẹ̀gbọ́n, mo ti rí àwọn iléeṣẹ́ tó ń ta àyẹ̀wò jíìnì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èèyàn á tutọ́ sínú ike, wọ́n á ní àwọn lè sọ bí orí rẹ̀ ṣe máa pá tó. Ṣé kí n rà á?

Ẹ̀gbọ́nLáàbù

Fi owó rẹ jẹun. Ara àwọn òyìnbó ni wọ́n ti kó iye tí wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀ jọ. Àwọn onímọ̀ kan ti wo àwọn ọkùnrin tó lé ní 2,000 láti Gánà, Nàìjíríà, Sẹ̀nẹ̀gà àti Gúúsù Áfíríkà. Ìṣirò tí wọ́n gbé ka ara àwọn òyìnbó kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ẹni tí orí rẹ̀ máa pá nínú wọn, ọ̀pọ̀ ojú jíìnì tí wọ́n sì rí lára àwọn ará wa kò sí lára èyí tí wọ́n ti rí lára àwọn òyìnbó. Digí ilé rẹ mọ̀ ju ike itọ́ lọ ní báyìí.

AlágboGidi

Ẹ dáhùn èyí ná, oníláàbù. Ẹ ní kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Minoxidil tí gbogbo wọn ń rà kiri ńkọ́? Ṣebí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni, tó ń la ọ̀nà ẹ̀jẹ̀!

Ẹ̀gbọ́nLáàbù

Ìbéèrè gidi nìyẹn, mo kí yín. Òótọ́ ni, hóró ẹ̀jẹ̀ ríru ni, irun wá ń hù káàkiri ara àwọn tó ń lò ó, títí Amẹ́ríkà fi gbà á wọlé lọ́dún 1988 gẹ́gẹ́ bí èyí tí wọ́n ń fi pa orí. Ṣùgbọ́n minoxidil fúnra rẹ̀ kì í ṣe nǹkan kan títí tí ẹ́ńsáìmù kan nínú gbòǹgbò irun, SULT1A1, yóò fi yí i padà. Ẹni tí ẹ́ńsáìmù yìí kò tó lórí rẹ̀, kó pa á títí, kò ní rí nǹkan kan. Bó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ nìkan ni, gbogbo oògùn tó ń la ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ni ì bá máa hu irun.

BàbáÀgbà_Ìjẹ̀bú

Ẹ jẹ́ kí àgbà náà sọ tirẹ̀. Dókítà fún mi ní hóró kan nítorí ìtọ̀ tó ń dá mi dúró, wọ́n ní kókó inú ibẹ̀ ló wú. Finasteride ni wọ́n kọ sí i lára, 5 mg. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ rí i pé irun wẹ́ẹ́rẹ́ ń hù níwájú orí mi. Mo rò pé ojú ló ń dà á láàmú. Ṣé ọ̀rọ̀ yìí náà ni?

Ẹ̀gbọ́nLáàbù

Òun gan-an ni, Bàbá! Ìtàn rẹ̀ dùn. Ní abúlé kan tó ń jẹ́ Salinas, ní Dominican Republic, wọ́n máa ń bí àwọn ọmọ kan tí wọ́n jọ obìnrin. Bí wọ́n bá bàlágà, testosterone á dé, wọ́n á di ọkùnrin. Julianne Imperato-McGinley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ nípa wọn lọ́dún 1974: ẹ́ńsáìmù 5-alpha reductase ni kò pé lára wọn, wọn kò lè ṣe DHT bó ṣe yẹ. Bí wọ́n ṣe ń dàgbà, kókó prostate wọn, irú èyí tó wú lára yín yẹn, kéré, orí wọn kò sì pá. Iléeṣẹ́ Merck wá oògùn tó lè dí ẹ́ńsáìmù yẹn lọ́wọ́, ó sì rí finasteride. Amẹ́ríkà gbà á wọlé fún prostate lọ́dún 1992 ní 5 mg, wọ́n gbà á fún orí pípá ọkùnrin lọ́dún 1997 ní 1 mg.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má sáré lọ rà á lọ́wọ́ kẹ́míìsì. Ó lè mú kí ìfẹ́ ìbálòpọ̀ dín kù lára àwọn kan. Aboyún kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan hóró rẹ̀ tó fọ́, torí pé ó lè ba nǹkan ọmọkùnrin tó wà nínú rẹ̀ jẹ́.

Bàbá, ẹ̀yin ni mo fẹ́ sọ èyí fún. Bí wọ́n bá ń yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò fún jẹjẹrẹ prostate, àyẹ̀wò PSA ni wọ́n ń ṣe, ìyẹn purotéènì kan tí prostate ń tú sínú ẹ̀jẹ̀. Finasteride máa ń fa PSA wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdajì. Dókítà tí kò bá mọ̀ pé ẹ ń lò ó lè rí iye tó kéré kó ní kò sí ewu, nígbà tí ewu wà. Ilé ìwòsàn yòówù kí ẹ lọ, ẹ sọ ọ́ fún wọn kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀.

BàbáÀgbà_Ìjẹ̀bú

Ẹnikẹ́ni kò sọ ìyẹn fún mi rí. Wọ́n ti dá ọjọ́ àyẹ̀wò náà fún mi fún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ibòmíràn ni wọ́n sì ní kí n ti lọ ṣe é. Mà á mú páálí oògùn náà dání.

Onígerí_Òṣogbo

Bàbá, tí irun náà bá kún tán, Òṣogbo kò jìnnà. Ọ̀fẹ́ ni ti àkọ́kọ́.